Google tàbí Bing, Chrome tàbí Opera Mini: ìfiwéra fún ẹni tó ní ìkànnì kékeré

Láti Kubwa, ní Abuja, ni mo ti ń fi ìkànnì kékeré kan ta èlùbọ́, gààrí Ìjẹ̀bú, irú àti ẹja gbígbẹ fún àwọn ọmọ Yorùbá tí iṣẹ́ ọba tàbí òwò gbé wá sí àríwá, láti Nyanya títí dé Kaduna àti Jos. Ní ọjọ́ Sátidé kan, ìyá kan pè mí láti Nyanya. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, mo ti tẹ ibi tí o kọ ‘Rà á’ sí títí ọwọ́ fi ń ro mí. Ṣé o ò tà mọ́ ni?” Mo sáré ṣí kọ̀ǹpútà mi, mo tẹ ibi kan náà, ó sì ṣí wàrà. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni ẹ fi wọ íntánẹ́ẹ̀tì?” Wọ́n ní, “Èyí tó ní O pupa lára yẹn ni, èyí tí kì í jẹ dátà.”

Opera Mini ni wọ́n ń sọ. Ó ti tó ọdún kan tí mo ti ń náwó sórí ìkànnì náà, n kò sì fi Opera Mini wò ó rí, nítorí pé èmi kì í lò ó. Ìgbà náà ni ó tó yé mi pé ìbéèrè tí mo ti ń bi ara mi láti ọjọ́ yìí, pé èwo ló dára jù nínú àwọn bráúsà, ìyẹn ohun tí a fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì, ti wọ́ láti ìpìlẹ̀. Èyí tó wù mí kò kan oníbàárà. Èyí tó wà lọ́wọ́ oníbàárà ni ó yẹ kí n mọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìṣàwárí bíi Google rí: ọ̀dọ̀ ẹni tí oníbàárà ti ń béèrè ọ̀nà ni a ní láti fi orúkọ wa sí. Ojú yìí ni mo fi ṣe ìfiwéra tó wà nísàlẹ̀, fún irú wa tí kò ní òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tí ó jẹ́ pé ọ̀sán Sátidé nìkan ni a fi ń tún ìkànnì wa ṣe.

Ọ̀dọ̀ ta ni oníbàárà ti ń béèrè ọ̀nà?

Kí a tó fi àwọn ẹ̀rọ ìṣàwárí wéra, ó dára kí a mọ ohun tí wọ́n ń ṣe gan-an. Ẹ̀rọ ìṣàwárí a máa rán róbọ́ọ̀tì jáde, èyí tí ti Google ń jẹ́ Googlebot, láti máa ti orí líǹkì kan bọ́ sí orí òmíràn. Ohun tí ó bá kà ni yóò kó lọ sínú àkójọ rẹ̀. Bí ènìyàn bá sì béèrè nǹkan, inú àkójọ yẹn ni yóò ti yan ohun tí yóò gbé síwájú àti ohun tí yóò tì sẹ́yìn. SEO tí àwọn ènìyàn ń pariwo rẹ̀ kò ju kí a mú iṣẹ́ mẹ́ta yìí rọrùn fún un: kí ó rí wa, kí ohun tí a ń tà yé e, kí ó sì rí ìdí tí yóò fi gbé wa ṣáájú ẹlòmíràn. A kì í sanwó fún Google kí ó tó kó ojú ewé wa sínú àkójọ. Ìpolówó tí a ń sanwó fún wà lọ́tọ̀, ọjọ́ tí owó bá sì ti tán ni òun náà ń kógbá sílé.

Google ni ti àkọ́kọ́, n kò sì rò pé ẹnikẹ́ni ní Nàìjíríà yóò bá mi jiyàn lórí èyí. Larry Page àti Sergey Brin dá a sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1998. Fóònù Android, tí ó pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wa, sì sábà máa ń gbé e wá láti inú páálí. Bing jẹ́ ti Microsoft, 2009 ni wọ́n gbé e jáde. Ẹni tó jẹ́ pé fóònù nìkan ni àwọn oníbàárà rẹ̀ ń lò lè pa Bing tì kí ohunkóhun má sì ṣe é. Ṣùgbọ́n ìlú ọ́fíìsì ni Abuja. Lórí kọ̀ǹpútà Windows tó wà ní àwọn ọ́fíìsì ìjọba àti ti aládàáni, Edge ni bráúsà tó bá a wá, Bing sì ni Edge máa ń bi léèrè àyàfi bí ẹnìkan bá yí i padà, ó sì lójú ẹni tó ń ráyè yí i padà láàárín iṣẹ́. Bí ẹ bá ń ta ohun tí ọ́fíìsì ń rà, bíi oúnjẹ ìpàdé, ìwé títẹ̀ tàbí àtúnṣe ẹ̀rọ amúlétutù, a jẹ́ pé Bing tó ohun tí ẹ lè fi wákàtí kan ṣe.

Ohun mìíràn tún wà tó gbè é lẹ́yìn. Púpọ̀ nínú èsì tí DuckDuckGo àti Yahoo, tí àwọn náà jẹ́ ẹ̀rọ ìṣàwárí, ń gbé jáde, ọ̀dọ̀ Bing ni wọ́n ti ń rí i, nítorí náà ẹni tó bá ti wọ àkójọ Bing ti ń ti ibẹ̀ yọjú ní ilé àwọn yòókù. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, èyí sì ni ọ̀nà tí kò ná ènìyàn ní kọ́bọ̀: bí ẹ bá ti forúkọ ìkànnì yín sílẹ̀ ní Google Search Console, Bing Webmaster Tools yóò gba gbogbo rẹ̀ láti ibẹ̀, ẹ kò ní bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Bing tún ń gba IndexNow, ètò tí Microsoft àti Yandex, ẹ̀rọ ìṣàwárí ti ilẹ̀ Rọ́ṣíà, bẹ̀rẹ̀ ní 2021, èyí tí ìkànnì fi ń ta ẹ̀rọ ìṣàwárí lólobó pé ojú ewé kan ti yí padà, dípò kí ó jókòó máa retí róbọ́ọ̀tì. Ní ti Google, ẹ ó fi sitemap ránṣẹ́, ìyẹn àkọsílẹ̀ gbogbo ojú ewé tí ẹ ní, ẹ ó sì ní sùúrù.

Search Console àti máàpù: èwo ló ṣíwájú?

Lọ́dọ̀ Google fúnra rẹ̀, ohun méjì ló wà tí àwọn ènìyàn máa ń pa pọ̀ mọ́ ara wọn. Search Console wà fún ìkànnì. Òun ni yóò sọ fún yín iye ojú ewé yín tí ó ti wọ inú àkójọ, èyí tí kò wọlé àti ìdí tí kò fi wọlé, àti ọ̀rọ̀ gan-an tí àwọn ènìyàn kọ kí wọ́n tó rí yín. Google Business Profile, tí wọ́n ń pè ní Google My Business títí di 2021, wà fún ilé ìtajà. Òun ló ń gbé ṣọ́ọ̀bù yín sórí máàpù pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù, wákàtí tí ẹ ń ṣí, àwòrán àti ohun tí oníbàárà sọ nípa yín. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì.

Bí ẹ bá ní ibi tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn wá, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ ṣe ti máàpù ṣáájú, àní kí ìkànnì tó parí pàápàá. Ẹ wo bí a ṣe ń júwe ilé ní àwọn àdúgbò tó yí Abuja ká: “Ẹ bọ́ sílẹ̀ ní ìdí afárá, ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti ń ta gáàsì, ilé kejì lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí ni.” Àlejò tó ń bọ̀ láti Mararaba kò ní rí ibẹ̀ bọ̀rọ̀. Nígbà tí mo gbé àmì orí máàpù kúrò láàárín títì, tí mo sì fi í sí ẹnu géètì wa gan-an, ọmọ tó ń bá mi gbé ọjà kò tún dúró ní ìkóríta pè mí mọ́. Ẹni tó ń dáná tà nínú ilé rẹ̀, tí kò sì fẹ́ kí gbogbo ayé mọ ibi tó ń sùn, lè fi àdírẹ́sì náà pamọ́, kí ó kàn dárúkọ àwọn àdúgbò tó ń gbé oúnjẹ lọ.

Ẹni tí kò ní ṣọ́ọ̀bù, tó jẹ́ pé ìwé tàbí ẹ̀kọ́ ni ó ń gbé jáde lórí ìkànnì, tàbí tí ó ń hun aṣọ òfì ní Ìlọrin tí ó sì ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo ìlú, Search Console ni kí òun fi bẹ̀rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni mo ti rí i pé àkọlé ojú ewé àkọ́kọ́ mi, èyí tí Google ń gbé jáde ní lẹ́tà ńlá, kò ju “Home” lọ. Ilé ta ni? Ẹni tó bá mi ṣe ìkànnì náà ni kò yí i padà. Mo sọ ọ́ di “Èlùbọ́ iṣu láti Ṣakí, ní Kubwa, Abuja”, nítorí pé bí àwọn ènìyàn ṣe ń wá nǹkan nìyẹn: wọ́n á dárúkọ ọjà, wọ́n á dárúkọ àdúgbò. Àwọn oníbàárà mi tó jẹ́ Hausa máa ń kọ “garin doya”, mo sì fi ìyẹn náà sínú gbólóhùn kan lójú ewé náà. Gbólóhùn tó nítumọ̀ ni mo pè é o, n kò ní kí ẹ kó ọ̀rọ̀ jọ bí ẹni tó ń ka ìwé ìpè ní kíláàsì.

Mo ní láti mẹ́nu ba àwọn tó ń ṣèlérí. Ẹnìkan gba owó lọ́wọ́ mi pé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, èmi ni Google yóò máa gbé síwájú gbogbo ẹni tó ń ta èlùbọ́ ní Abuja. Ohun tó ṣe kò ju pé ó rọ ọgọ́ta ọ̀rọ̀ sínú àyè kan tí wọ́n ń pè ní “keywords” nínú kóòdù ojú ewé, àyè tí Google ti sọ láti 2009 pé òun kì í wò láti fi tò àwọn ìkànnì. Google fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ìkànnì kan yóò wà ní ipò kìíní, ó sì sọ pé oṣù mẹ́rin sí ọdún kan ni irú iṣẹ́ báyìí sábà máa ń gbà kí èrè rẹ̀ tó hàn. Ẹ fi ìyẹn wé ọ̀sẹ̀ méjì.

Àmì ohùn, líǹkì àti orúkọ ìkànnì

Ìbéèrè kan wà tí ẹni tó ń fi èdè mìíràn kọ ìkànnì kì í ní, tí ó sì kan àwa: ṣé kí a fi àmì sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá, tàbí kí a kọ ọ́ lásán bí àwọn ènìyàn ṣe ń kọ ọ́ nígbà tí wọ́n bá ń wá nǹkan? Ẹni tó ń wá èlùbọ́ lórí fóònù yóò kọ “elubo”, kò ní wá àmì kiri. Ẹ̀wẹ̀, bí a bá ṣí àmì kúrò, ọkọ tó fẹ́ ìyàwó, ọkọ̀ tí a ń wọ̀, ọkọ́ tí a fi ń roko àti oko fúnra rẹ̀ di ọ̀kan náà. Ohun tí mo yàn ni pé kí àkọlé àti ọ̀rọ̀ inú ojú ewé ní àmì pípé, kí a sì kọ orúkọ ọjà náà láìní àmì níbì kan tàbí méjì, bóyá nínú àlàyé kúkúrú tó wà lábẹ́ àwòrán. Kò yẹ kí a tìtorí ẹ̀rọ ìṣàwárí rìn ní ìhòhò. Ẹ rí i dájú pé UTF-8, ìyẹn ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń pa lẹ́tà àti àmì wa mọ́, ni ìkànnì yín ń lò, kí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ sì kọ lang="yo" sínú kóòdù rẹ̀, nítorí pé “yo” ni àmì tí gbogbo ayé fi mọ èdè Yorùbá.

Ní ti líǹkì, ẹ má fi àmì sí nǹkan kan níbẹ̀ rárá. Bí ẹ bá fi “èlùbọ́” sínú àdírẹ́sì ojú ewé, tí ẹnìkan sì dà á kọ láti inú bráúsà lọ sórí WhatsApp, ohun tí yóò sábà rí nìyí: %C3%A8l%C3%B9b%E1%BB%8D%CC%81. Ta ni yóò tẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Oníjìbìtì ni wọn yóò pè yín. Ẹ kọ “elubo” síbẹ̀ kí ó parí.

Ní ti orúkọ ìkànnì, n kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Èyí tó bá parí sí .ng tàbí .com.ng, tí àjọ NiRA ń bójú tó, ń jẹ́ kí ẹ̀rọ ìṣàwárí mọ̀ pé Nàìjíríà ni a dojú kọ; .com kò so mọ́ orílẹ̀-èdè kankan. Bí àwọn oníbàárà yín bá wà nílé, ẹ mú .ng tàbí .com.ng. Bí ẹ bá ń fi ọjà ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, .com kò burú.

Bráúsà pọ̀, ẹ́ńjìnnì wọn kò pọ̀

Bí ènìyàn bá ka orúkọ àwọn bráúsà tán, ẹ̀rù lè bà á pé ìgbà wo ni òun yóò fi gbogbo wọn yẹ ìkànnì òun wò. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣí ìdérí wọn, a ó rí i pé Chrome, Edge, Opera ti kọ̀ǹpútà, Brave àti Samsung Internet, orí Chromium, ìpìlẹ̀ kan náà, ni wọ́n ti kọ́ gbogbo wọn. Ọbẹ̀ kan náà ni, a kàn bù ú sí àwo márùn-ún. Firefox ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ tí ń jẹ́ Gecko, Safari ti Apple sì ń lo WebKit. Lórí iPhone, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé WebKit náà ló wà lábẹ́ gbogbo bráúsà, yálà Chrome ni a kọ sí i lórí tàbí Firefox. Nítorí náà, àyẹ̀wò mẹ́ta ni iṣẹ́ wa, pẹ̀lú Opera Mini tí ó ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀.

Láti fi ṣiṣẹ́, Chrome tí Google gbé jáde ní 2008 ni mo ń lò lójoojúmọ́, ìdí rẹ̀ sì ni àwọn irinṣẹ́ inú rẹ̀. Ẹ tẹ F12 lórí kọ̀ǹpútà: ẹ lè sọ ojú ewé náà di ìwọ̀n fóònù, ẹ lè sọ fún un pé kí ó ṣe bí ẹni pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì 3G ni ẹ wà, ẹ sì lè pe Lighthouse láti fún yín ní máàkì lórí ìyára àti lórí SEO. Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa ń jẹ ìrántí kọ̀ǹpútà bí ebi ń pa á. Lórí láńtọ́ọ̀pù mi àtijọ́, bí mo bá ṣí ojú ewé mẹ́wàá, fáànù rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí jẹnẹrétọ̀. Edge ní irinṣẹ́ kan náà láti 2020 tí Microsoft ti gbé e sórí Chromium, nítorí náà ẹni tó ní Windows tí kò sì fẹ́ ná dátà láti gba bráúsà mìíràn wọlé kò pàdánù ohunkóhun bó bá dúró ti Edge.

Firefox, tí àjọ Mozilla gbé ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 2004, ni mo fi ṣe ẹlẹ́rìí kejì. Ohun tí ojú Chrome fò, ó lè kan Firefox lójú. Nínú rẹ̀ ni mo ti rí i pé lẹ́tà aláràbarà tí wọ́n fi kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi kò ní “ọ́” àti “ẹ̀” nínú: àmì orí rẹ̀ fò lọ sí ẹ̀gbẹ́, àmì abẹ́ rẹ̀ sì ti inú lẹ́tà mìíràn wá, ó wá dà bí aṣọ tí a lẹ̀. Mo padà wo Chrome, bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí, ojú mi ló ti mọ́ ọn lára. Mo yí lẹ́tà náà padà sí Noto Sans, èyí tó ní gbogbo àmì èdè wa, ọ̀rọ̀ sì tán. Ti Brave kò ju gbólóhùn kan lọ: ó máa ń dí àwọn tó ń ka àlejò lọ́nà, nítorí náà ẹni tó bá fi í wọ ìkànnì yín lè má hàn nínú ìṣirò yín rárá.

Safari ni kò rọrùn fún tálákà. Apple ti dá ti orí Windows dúró láti 2012, kò sì sí ti Android. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ Apple yóò ní láti yá iPhone ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, kí ó ṣí ojú ewé rẹ̀, kí ó tẹ gbogbo ibi títẹ̀, kí ó sì dá a padà. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn. Nínú ìlú tí iPhone pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn ọ̀gá bí Abuja, kò yẹ kí a fò ó.

Opera Mini

Nínú gbogbo wọn, òun ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí, nítorí pé àwọn tó ń ṣe ìkànnì fún wa kì í sábà rántí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Opera, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ wà ní Norway, ni ó gbé e jáde ní 2005, fún fóònù tí agbára rẹ̀ kéré. Bráúsà yòókù máa ń lọ mú ojú ewé wá fúnra rẹ̀, tí á sì tò ó sójú fóònù. Bí a bá fi Opera Mini sí ipò tó ń ṣọ́ dátà jù, kò rí bẹ́ẹ̀: sáfà Opera, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ náà, ni yóò lọ mú ojú ewé náà wá, tí yóò fún un pọ̀, tí yóò sì fi èyí tó ti rọ̀ ránṣẹ́ sí fóònù. Ìdí nìyí tí kì í fi í jẹ dátà, tí ó sì fi ń ṣí níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ti lágbára. Àmọ́ JavaScript, ohun tó ń mú nǹkan ṣí, tó ń mú nǹkan pa dé lójú ewé, orí sáfà yẹn ni ó ti ń ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Nígbà tí ojú ewé bá dé orí fóònù ìyá wa ní Nyanya, ó ti dà bí fọ́tò: a rí bọ́tìnnì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń dáhùn lẹ́yìn rẹ̀.

Bọ́tìnnì “Rà á” mi jẹ́ ti JavaScript pátápátá. Àtúnṣe tí mo ṣe kò gba ìdajì wákàtí. Mo yọ ọ́, mo fi líǹkì lásán méjì rọ́pò rẹ̀: ọ̀kan ń pe fóònù mi, èkejì ń ṣí WhatsApp láti orí wa.me, pẹ̀lú nọ́ńbà mi tó bẹ̀rẹ̀ láti 234, láìsí àmì àròpọ̀, láìsí òdo iwájú. Líǹkì lásán kò nílò JavaScript. Ibi gbogbo ló ti ń ṣiṣẹ́. Mo pe ìyá náà padà kí wọ́n bá mi tẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní, “Ó ti ṣí o. Kóńgò méjì, má fi yanrìn sí i.”

Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye oníbàárà yín tó ń lo Opera Mini, Google Analytics, irinṣẹ́ tó ń ka àlejò ìkànnì, ní ibi tó ti ń ka bráúsà, ṣùgbọ́n JavaScript ni òun náà fi ń kà á, ìṣirò rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí sì lè kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Ìbéèrè kan lórí WhatsApp ṣe mí láǹfààní jù: “Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ fi ṣí ìkànnì wa?” Àwọn tó dáhùn kò mọ orúkọ, wọ́n ń ṣàpèjúwe àmì rẹ̀. Ìyẹn náà tó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ bráúsà àti ti Google ti pàdé

Títí di ibí yìí, ẹnìkan lè rò pé ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mò ń sọ. Ọ̀kan ni. Ní 2016, Google kéde pé bí fóònù ṣe ń rí ojú ewé ni òun yóò máa tẹ̀ lé láti kà á, kì í ṣe bí kọ̀ǹpútà ṣe ń rí i; ní 2023, wọ́n parí ìyípadà náà. Èyí já sí pé àlàyé tí ẹ bá yọ kúrò lórí ti fóònù nítorí àyè, Google náà kò ní rí i, bó ti wù kí ó dára tó lórí kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá tún ojú ewé ṣe fún fóònù olówó pọ́ọ́kú ti ṣe SEO láìmọ̀.

Ìyára náà wọ̀ ọ́. Google ní òdiwọ̀n mẹ́ta tó ń pè ní Core Web Vitals: kí ohun tó tóbi jù lójú ewé hàn kí ìṣẹ́jú-àáyá 2.5 tó pé. Kí ojú ewé dáhùn láàárín mílísẹ́kọ́ńdù 200 bí a bá tẹ ẹ́. Kí ohun inú rẹ̀ má sì máa fò láti ibì kan sí òmíràn nígbà tó bá ń ṣí, èyí tí ààlà rẹ̀ jẹ́ 0.1. Lọ́wọ́ àwọn ènìyàn gidi tó ń lo Chrome ni ó ti ń gba ìṣirò yìí, nítorí náà bí Chrome kò bá wù yín láti fi ṣiṣẹ́, kò yẹ kí ẹ pa á tì nínú àyẹ̀wò. Àlejò ìkànnì kékeré sábà máa ń kéré jù fún ìṣirò náà; nígbà náà, máàkì Lighthouse ni kí ẹ máa wò. Ẹ má sì jẹ́ kí máàkì náà gba oorun lójú yín: ojú ewé tó dáhùn ìbéèrè dáadáa ṣì ń ṣáájú èyí tó yára tí kò sọ nǹkan kan.

Àwòrán ni ó sábà máa ń fa ìdádúró. Fọ́tò èlùbọ́ tí mo fi fóònù yà tó mégábáìtì 4, mo sì gbé e bẹ́ẹ̀ sórí ìkànnì. Nígbà tí mo dín fífẹ̀ rẹ̀ kù sí píksẹ́lì 1200 tí mo sì sọ ọ́ di WebP, irú fáìlì àwòrán tí kì í wúwo, kò tó kílóbáìtì 150 mọ́, kò sì sí oníbàárà kan tó sọ pé èlùbọ́ náà dúdú jù. Bí ẹ bá kọ fífẹ̀ àti gíga àwòrán sínú kóòdù, ojú ewé kò ní máa fò kiri.

Lórí HTTPS, ìyẹn ààbò tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn ka ohun tó ń lọ láàárín àlejò àti ìkànnì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbowó gegere lọ́wọ́ yín. Láti oṣù keje 2018 ni Chrome ti ń kọ ọ́ sókè pé ìkànnì tí kò ní in kò láàbò, àlejò yóò sì sá. Google ti sọ ní 2014 pé òun náà ń fún un ní máàkì díẹ̀. Let’s Encrypt ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń gba ìkànnì sílé sì ti fi í kún iṣẹ́ wọn.

Bí ẹ bá fẹ́ yẹ ara yín wò

Ẹ má wá orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín nínú bráúsà tí ẹ ń lò lójoojúmọ́ kí ẹ wá máa yọ̀ pé ẹ̀yin ló wà lókè. Ìtàn ohun tí ẹ ti ń ṣí tẹ́lẹ̀ lè nípa lórí èsì náà. Ẹ ṣí fèrèsé ìkọ̀kọ̀, èyí tí gbogbo bráúsà ní, kí ẹ fi wá ọjà dípò orúkọ. Síbẹ̀, ibi tí ẹ dúró sí ṣì kàn án: ohun tí ẹni tó wà ní Sabon Gari ní Kano yóò rí lè yàtọ̀ sí ti ẹni tó wà ní Lugbe. Search Console ló ń ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, òun ni kí ẹ gbà gbọ́.

Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà rárá, tó jẹ́ pé fóònù kan ló fi ń ṣe gbogbo nǹkan, kò ní rí F12 tẹ̀. Kí ó ṣí pagespeed.web.dev nínú Chrome orí fóònù rẹ̀, kí ó lẹ àdírẹ́sì ìkànnì rẹ̀ mọ́ ọn. Lighthouse kan náà ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀, tí sáfà Google ń bá a ṣe. Search Console àti Bing Webmaster Tools ń ṣí lórí fóònù bákan náà. Kí ó wá gba Opera Mini sórí fóònù yẹn, kí ó fi í sí ipò tó ń ṣọ́ dátà jù, kí ó sì ra ọjà kan lọ́wọ́ ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.